Tẹ́tẹ́ tó wọ aṣọ géèmù

Ẹ jókòó ti ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ fún wákàtí kan péré. Tó bá yá, yóò pa bọ́ọ̀lù tì, yóò sì lọ síbi tí wọ́n ti ń ta páàkì, àpò agbábọ́ọ̀lù tí ẹni tó ń rà á kì í mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ títí á fi tú u. Á tẹ bọ́tìnnì. Ojú ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ṣókùnkùn, iná á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bù yẹ̀rì. Àsíá orílẹ̀-èdè kan á yọ, ọmọ á dìde dúró. Ipò tí agbábọ́ọ̀lù náà ń gbá á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àmì ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbajúmọ̀ ló jáde, ariwo á gba gbogbo ilé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló ń jáde. Ọmọ á pòṣé, á tún tẹ òmíràn.

Ẹni tó bá ti dúró nídìí kàlòkàlò rí kò ní béèrè orúkọ ohun tí ọmọ yìí ń ṣe. Owó gidi ló ń wọlé, oríire ló ń pinnu ohun tó ń jáde, ẹni tó ń tà á ló sì to gbogbo rẹ̀ bó ṣe wù ú. Tẹ́tẹ́ ni. Ohun tí a ń sọ kò ju pé kí ìjọba máa bá a lò bíi tẹ́tẹ́, kí wọ́n sì fòfin dè é kúrò lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé 18 ọdún.

Kì í ṣe pé a kórìíra eré. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló sì wà ní gbangba. Bí ọ̀ta bá jẹ, ọpọlọ rẹ̀ ló fi jẹ. Bí òpè bá pàdánù, ó mọ ibi tó ti ṣì í. Kò sì sẹ́ni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó máa ta ọmọ ayò fún un láàárín eré.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kan ní Ìlú Ọba pe aṣojú EA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ sí FIFA nígbà náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ó ní tẹ́tẹ́ kọ́, pé ìyàlẹ́nu ni, pé kò yàtọ̀ sí ẹyin ṣokoléètì tí wọ́n ń fi nǹkan ìṣeré sínú rẹ̀. Àfiwé náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jẹ ẹyin ṣokoléètì mẹ́ta, inú á rùn ún, á sì sinmi. Ẹni tó ń tà á kò sì mọ̀ pé aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, pé ọ̀rẹ́ ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ góòlù mẹ́rin mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ẹ̀rọ mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé kò sí ẹni tó ń lọ lọ́wọ́ òfo, pé nǹkan kan á ṣáà jáde. Bí onítẹ́tẹ́ bá wá ń fún gbogbo ẹni tó pàdánù ní súìtì kọ̀ọ̀kan, ṣé kò ta tẹ́tẹ́ mọ́ nìyẹn?

Òótọ́ ni pé wọ́n ń kọ ìwọ̀n oríire síbẹ̀ báyìí. Láti oṣù kejìlá ọdún 2017 ni Apple ti sọ ọ́ di dandan fún géèmù tó bá fẹ́ wà lórí fóònù rẹ̀. Ohun tí ẹ ó sì bá níbẹ̀ fún àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni pé kò tó ìdá kan nínú 100. Ó lè jẹ́ ìdajì ìdá kan, ó lè má tó ìdá kan nínú 1,000. Ta ló mọ̀? Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Àwọn kan á ní òbí ló yẹ kó mójú tó ọmọ rẹ̀. A gbà, dé ibì kan. Ìyá tó fi káàdì báńkì sórí fóònù láti sanwó nǹkan kan lóṣù tó kọjá, tó wá gbé fóònù náà fún ọmọ kó lè ráyè dáná, kò mọ̀ pé òun ti ṣí ìsọ̀ sílẹ̀. Alẹ́ẹ̀tì ló máa sọ fún un. Kódà kò ní rí náírà lójú géèmù: owó ẹyọ inú eré ni wọ́n ń ná, wọ́n á sì dì í ní 800 nígbà tí ohun tí ọmọ fẹ́ jẹ́ 1,000. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Epic Games, tó ni géèmù Fortnite, gbà láti san mílíọ̀nù 245 dọ́là padà fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, nítorí ìjọba ní wọ́n to bọ́tìnnì débi pé ọmọdé lè rajà láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Bí òbí ibẹ̀ kò bá rí i, tiwa ńkọ́?

Bẹ́ljíọ̀mù kò fi falẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àjọ tó ń rí sí tẹ́tẹ́ níbẹ̀ kéde pé àpótí oríire, ìyẹn irú páàkì tí à ń sọ yìí, lòdì sófin. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 2019, EA kò ta owó inú géèmù rẹ̀ fún wọn mọ́. Àwọn ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ wọn. Ní Nẹ́dálándì, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò lé EA, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e ní oṣù kẹta ọdún 2022, torí wọ́n ní páàkì náà kì í ṣe tẹ́tẹ́ tó dá dúró, apá kan eré bọ́ọ̀lù náà ni. Ìlú Ọba ní tiwọn ní àwọn kò ní fọwọ́ kan òfin, kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ṣọ́ ara wọn. Bí ẹni gbé adìẹ fún àṣá tọ́jú. Bràsíìlì ló gbọ́n jù nínú wọn lójú tiwa: òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 dárúkọ àpótí yìí ní tààrà, ó sì lé e kúrò nínú géèmù àwọn ọmọdé.

Ta ni yóò ṣe tiwa? Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbé lọ láti ọdún 2008: àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, kì í ṣe Àbújá. Ọdún 16 ni wọ́n fi jà á. Ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé owó ìwé àṣẹ nìkan ni wọ́n á máa fi àṣẹ náà gbà. Ẹ má sì sọ fún wa pé àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ti tóbi jù, torí ní oṣù keje ọdún 2024 ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà sì ti àjọ náà lẹ́yìn ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀wù tí ọmọ rí, tó mọ iye rẹ̀ kó tó rà á fún ẹni orí ẹ̀rọ rẹ̀, a ò bá wọn jà lórí ìyẹn, bí wọ́n bá ti lè kọ iye rẹ̀ ní náírà, kí wọ́n sì máa béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ òbí nígbà gbogbo tí owó bá fẹ́ jáde. Páàkì tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí òfin dárúkọ. Ìjọba Èkó ló ja ìjà náà. Ilé aṣòfin Èkó ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé àbá òfin jáde, kó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan náà, torí fóònù ọmọdé ò mọ ibi tí Òjódù parí sí tí Akute ti bẹ̀rẹ̀.