Ẹ Bi Mí Léèrè Kí Ẹ Tó Ki Sípánà Bọ̀ Ọ́!

Àárọ̀ yìí ló tún ṣẹlẹ̀. Mẹkáníìkì kẹfà tí mo gbé pikọ́ọ̀pù mi tó ń gbọ̀n lọ bá, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà! Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, kò ní kí n ṣíná sí i. Ó dúró síwájú pikọ́ọ̀pù mi, ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó ní, "Alhaji" (èmi tí mi ò tíì dé Mẹ́kà rí), "ẹ lọ ṣe bálánsìn."

Bálánsìn táyà! Mọ́tò tó ń gbọ̀n jìgìjìgì láti eré 15 dé 40 (kìlómítà ní wákàtí kan), tó bá ti kọjá 40 tó dákẹ́ bí ọmọ tó rí ọmú, òun ni kí n lọ ṣe bálánsìn fún. Táyà tí bálánsìn ẹ̀ bá bàjẹ́, orí eré ló ti máa ń gbọ̀n, ní 80, ní 100, tí sìtíárìn á máa jó lọ́wọ́ ẹni. Ta ló ń sá 80 ní Ìwó Road? Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni tèmi ti ń gbọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta gálà, tí wọ́n á máa wò mí bí ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ní wárápá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pikọ́ọ̀pù oní-dísù tí ẹlòmíì ti fi dá àrà kó tó tà á fún yín, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó ta tèmi ti fi irin méjì kún sípíríǹgì ẹ̀yìn kó lè ru ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gbé táyà gàgàrà sí i. Ó dí EGR ẹ̀ (ọ̀nà tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì) pa, ó sì ní kí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà tún ọpọlọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kọ kó lè fa ẹrù. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀ kí n tó rà á, ẹnikẹ́ni ò tàn mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n kà á fún mẹkáníìkì, kí n tó dé orí sípíríǹgì, sípánà 14 ti wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ní nọ́sù ni, ìyẹn ẹnu tó ń fín dísù sínú ẹ́ńjìnnì. Ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń dán nọ́sù wò, ara wọn le koko. Mo sanwó àyẹ̀wò, mo sanwó wáṣà bàbà tuntun mẹ́rin, mo sanwó iṣẹ́. Mọ́tò ń gbọ̀n. Mo ní, "Ọ̀gá, tó bá wà lójú kan tí mo tẹ tòróòtù, kì í gbọ̀n. Àfi tó bá ń rìn. Ṣé nọ́sù mọ̀gbà tí mọ́tò ń rìn ni?" Ó wò mí bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó bá a jiyàn. Ẹnì kejì ní síìtì ẹ́ńjìnnì ni, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, a pààrọ̀ ẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ẹnì kẹta gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò wá, ó ki wáyà ẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní òun ò rí kóòdù kankan. Kò ní rí i náà! Pùròpẹ́là, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí táyà ẹ̀yìn, ni àrùn wà, kò sì ní wáyà, irin lásán ni. Ó gbowó ìwòran, ó lọ.

Ẹnì kẹrin. Tí mo bá rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, inú mi á tún máa hó.

Ó ní kílọ́ọ̀ṣì ni. Ìyẹn ṣì jọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, torí kílọ́ọ̀ṣì tó bá ti jóná lè mú mọ́tò gbọ̀n tó bá fẹ́ gbéra. Mo ní ó dáa. Aago mẹ́jọ ni mo gbé e débẹ̀. Ọ̀gá ò sí níbẹ̀, wọ́n ní ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọmọṣẹ́ méjì ló wọ abẹ́ mọ́tò, èyí àgbà ò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ń yọjú. Mo rí i tó fi sípánà sí bóòtù tó so pùròpẹ́là mọ́ ìdí ẹ̀yìn, torí wọ́n ní láti tú u kí ọwọ́ tó dé kílọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Ọmọ mi, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i kóo tó tú u, kó lè padà síbi tó wà." Ó ní, "Daddy, ẹ fọkàn balẹ̀, ojoojúmọ́ la ń tú u." Mo ní ṣọ́ọ̀kì wà nínú mọ́tò, ẹ jẹ́ n mú un. Ọwọ́ mi ò tíì kan ilẹ̀kùn tí mo gbọ́ gbàgà! Pùròpẹ́là ti wà nílẹ̀, nínú ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì dúdú, ó sì ti já sí méjì níbi tí ti iwájú ti ń ki eyín bọ ti ẹ̀yìn. Kò sí àmì kankan lára ẹ̀. Eyín wo ló wà nínú ihò wo tẹ́lẹ̀? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó ń dá a padà. Ọ̀kan dì í mú, ìkejì ń fi òòlù gbá a, "Ó ti wọlé! Ó ti wọlé!", bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. Mo ní kí wọ́n kó kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ fún mi. Àwo ẹ̀ ṣì nípọn, ẹ bá mi dá sí i! Mo gbé mọ́tò kúrò níbẹ̀. Mi ò tíì wọ jíà kejì tó fi bẹ̀rẹ̀, ó wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fò bọ́ sílẹ̀. Mo padà. Ọ̀gá ti ti ibi ìsọmọlórúkọ dé, ó ń fi igi táyín. Ó ní, "Alhaji, kílọ́ọ̀ṣì tuntun ni, ẹ jẹ́ kó mọra. Ẹ fún un lọ́sẹ̀ méjì."

Kó mọra! Ṣé ìyàwó tuntun ni?

Ẹ má sì jẹ́ n gbàgbé dísù. Ta ló sọ fún wọn pé dísù inú mọ́tò oníbàárà ni wọ́n fi ń lọ jẹ àmàlà? "A fẹ́ dán an wò," wákàtí kan gbáko, wọ́n á wá gbé e dé pẹ̀lú òórùn gbẹ̀gìrì nínú ẹ̀. Dísù tí mo fi owó gọbọi rà! Okùn tí mo fi ń gba iná sí fóònù náà bá ibẹ̀ lọ. Mo béèrè, wọ́n ní àwọn ò mọ̀, bóyá ó ti wà nílé.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lóko mi ní Lálúpọn, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi tú pùròpẹ́là ẹ̀yìn fúnra wa. A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i o! Mo kó o sẹ́yìn ọkọ̀, mo wọ fọ́ọ̀wíìlì (jíà tó ń jẹ́ kí táyà iwájú náà máa fà), táyà iwájú nìkan ló wá ń fà á. Mo lọ, mo bọ̀, 15, 25, 40. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń yọ́ lọ bí òróró. Ṣé nọ́sù tún wà níbẹ̀? Ṣé kílọ́ọ̀ṣì ti sá lọ? Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé pùròpẹ́là lé ẹsẹ̀ mi, mo ń yí kúrọ́ọ̀sì ẹ̀, oríkèé irin tó ń jẹ́ kó lè tẹ̀: ó rọ̀ lápá kan, ó le lápá kejì, èérún pupa bí ata gígún sì ń dà lẹ́nu fìlà ẹ̀. Rọ́bà sẹ́ńtà bẹ́árìn, èyí tó gbé àárín pùròpẹ́là dúró, ti ya, ó fi orí ìka kan sọ̀ kalẹ̀. Mo wá bojú wẹ̀yìn wo ìdí mọ́tò bó ṣe ga. Irin méjì tí wọ́n fi kún sípíríǹgì ti gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀ tí pùròpẹ́là fi dà gẹ̀rẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Màpó. Kúrọ́ọ̀sì tó bá tẹ̀ tó báyẹn kì í yí dọ́gba mọ́. Nínú ìyípo kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa yára, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa fà sẹ́yìn. Ẹ wá tẹ tòróòtù sí i lórí jíà kékeré, pẹ̀lú ẹrù.

Mo lọ sọ́jà Àràròmi ní Géètì, mo ra kúrọ́ọ̀sì, mo ra bẹ́árìn, mo gbé wọn fún ẹnì karùn-ún. Mo ní kó fi irin pẹlẹbẹ sáàárín bẹ́árìn àárín àti irin ọkọ̀ tó so mọ́, kó lè wálẹ̀ díẹ̀, kí ìtẹ̀ yẹn dínkù. Ó kọ̀! Ó ní àwọn tó ṣe mọ́tò ò fi irin kankan síbẹ̀. Ẹ gbọ́ o. Àwọn tó ṣe mọ́tò ló fi irin méjì kún sípíríǹgì? Àwọn ni wọ́n gbé táyà tírélà sí i? Orí irin pẹlẹbẹ tí kò tó bíbélì kékeré nìkan ló ti wá ń bẹ̀rù àwọn tó ṣe mọ́tò!

Ó de tirẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Gbígbọ̀n dínkù, kò lọ. Òun ni mo gbé lọ bá ẹlẹ́ẹ̀kẹfà lárọ̀ yìí, òun ló fẹsẹ̀ ta mí ní táyà.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ẹnì kan tó béèrè pé: eré mélòó ló ti ń gbọ̀n? Ṣé tó bá gbẹ́rù ni àbí tó bá ṣófo? Ṣé tẹ́ ẹ bá tẹ tòróòtù ni àbí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀? Dókítà tí kò bi ẹ́ ibi tó ń dùn ọ́, tó kàn mú ọ̀bẹ, ṣé wàá sùn fún un?

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kí ìjọba ṣòfin pé mẹkáníìkì tó bá tú ohun tí kò béèrè, kó lọ jókòó sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù náà, lórí irin, láìsí tìmùtìmù, láti Ìwó Road dé Lálúpọn, lórí jíà kejì. Kí wọ́n gbé àwo àmàlà àti ewédú gbígbóná lé e lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ọbẹ̀ ẹ̀ ò bá dà sí i lára, kó wá sọ fún mi pé bálánsìn ni.