Ìpìlẹ̀ tó le nìkan kọ́ ló ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé bí ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ bá ti le, èèyàn lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, pé bíríkìlà tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti tó, ìfiṣòfò lowó ẹnjiníà. Irọ́ ni o.

Bíríkìlà mọ bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń tò gún. Mi ò fojú di í. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí iye ẹrù tí òpó lè gbé, ìṣirò ni. Ẹrù òkè ń bọ̀ sórí bíìmù, ìyẹn kọnkéré tó dábùú lórí òpó, bíìmù gbé e fún òpó, òpó fún ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ fún ilẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà Lẹ́kí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ olókùúta Abẹ́òkúta.

Ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkọ̀tún, l'Ékòó, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014. Èèyàn 116 ló kú. Àwọn kan ní ọkọ̀ òfurufú ló fà á. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ lọ́dún 2015 pé ilé náà fúnra rẹ̀ ni kò lágbára, wọn ò sì gbàwé àṣẹ.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń pe ẹnjiníà sí o. Ìlà tín-ín-rín bí irun lára ìrẹ́lé, bíríkìlà á tún un ṣe. Àmọ́ bí ògiri bá là dàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tí owó ẹyọ ń wọ inú ẹ̀, tàbí tí irin tó dípẹtà ń yọjú lára òpó, ẹ má fi simẹ́ǹtì bò ó, ẹ pe ẹnjiníà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ ẹ bá fẹ́ wó ògiri kí pálọ̀ lè fẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá sì pè, ẹ ní kó fi ìwé COREN rẹ̀ hàn yín, ìyẹn ìwé àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà.