Ta ló ba eré Yorùbá jẹ́, YouTube àbí àwa?

Olùwòran Agége: Fíìmù Yorùbá mẹ́rin ni mo wò lórí YouTube lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mẹ́ta nínú wọn, inú pálọ̀ kan náà ni wọ́n ti yà á: àga kan náà, kọ́tìnì kan náà. Obìnrin kan fi fóònù sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ìtàn ò sún síwájú ní ìṣísẹ̀ kan. Ẹni tó bá wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999 mọ̀ pé ìlù àti orin inú rẹ̀ gan-an ló ń gbé ìtàn rìn. YouTube ti ba eré wa jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó bọ́ síta.

Ìyá Ìbejì: Mo bọ́ síta, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ti gbàgbé "ẹ máa retí apá kejì" láyé síìdì ni? Ibi tó bá ti fẹ́ dùn ni wọ́n máa ń dá a dúró sí, ká lè tún lọ ra síìdì mìíràn. Ta ló ń gbọ́ YouTube nígbà yẹn? Àwọn màkẹ́tà Ìdúmọ̀tà ló ń kówó sílẹ̀, ohun tí wọ́n bá fẹ́ náà ni olóòtú ń ṣe.

Édítọ̀ Abẹ́òkúta: Ẹ ṣeun, mà. Èmi ni mo ń jókòó ti iṣẹ́ yìí lálaalẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó ṣe ń wọlé. Fídíò tó bá ti tó ìṣẹ́jú 8, YouTube gbà kí wọ́n ki ìpolówó bọ àárín rẹ̀. Bí fíìmù bá ṣe gùn sí ni àyè ìpolówó ń pọ̀ sí i. Owó tó sì ń wọlé lórí ẹni tó ń wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ju ti ẹni tó wà ní Ṣágámù lọ. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ gé ìpè fóònù yẹn kúrú, olóòtú á ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an. Gígé ohun tí kò wúlò kúrò ni iṣẹ́ tí mo kọ́, òun gan-an ni wọn kì í jẹ́ kí n ṣe.

Olùwòran Agége: Ṣé ẹ rí i? YouTube náà ni.

Àgbà Òṣèré: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra. Mo bá ẹgbẹ́ alárìnjò rìn, mo mọ bó ṣe rí. Láyé ìgbà tí Ògúnǹdé gbé fíìmù Ayé jáde ní 1979, àwọn tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri fúnra wọn, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, torí bí ẹ̀dà kan bá fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ, o ti pàdánù nìyẹn. Òkè òkun la ti ń fọ fíìmù. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, agbára wa ò ká a mọ́, la bá mú kámẹ́rà fídíò. Living in Bondage, fíìmù elédè Ìgbò ti 1992, ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n àwa Yorùbá ti ń ṣe eré sínú kásẹ́ẹ̀tì ṣáájú ìyẹn. Wọ́n bú wa nígbà náà pé àwòrán wa ò mọ́. A tún ní Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò to eré sójú ewé, tí ọ̀rọ̀ òṣèré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ẹni tí kò bá lè dé gbọ̀ngàn á rà á kà.

Ọmọ Yorùbá ní Peckham: Bàbá, ẹ kú ìrántí Atọ́ka! Àwọn ọmọ mi níbí mọ Ìyanu. Roye Okupe ló kọ ọ́ ní ìwé aláwòrán tí ilé ìtẹ̀wé Dark Horse tẹ̀ jáde ní 2021, ó sì di kàtúùnù lórí Cartoon Network ní 2025. Inú mi dùn sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Kàtúùnù Ìwájú tí Disney gbé jáde ní 2024, tí ìtàn rẹ̀ wáyé l'Ékòó, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀ náà. Fíìmù inú pálọ̀ tí ẹ ń bú yìí ni ọmọbìnrin mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ má bá mi pa á o.

Olùwòran Agége: Mi ò ní kí wọ́n pa á. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe ni. Fíìmù Lísàbí jáde lórí Netflix ní 2024, Yorùbá ni wọ́n sọ níbẹ̀, àwọn tó ṣe é sì lákíkanjú. Ibẹ̀ ló yẹ ká dojú kọ.

Ìyá Ìbejì: Eré mélòó ni Netflix fẹ́ gbà lọ́dún? Ṣebí oṣù kìíní 2024 ni Prime Video ti Amazon ní àwọn ò náwó sí eré tuntun mọ́ ní Áfíríkà. Kò sì sí ilé sinimá kankan nílùú wa níbí. Dátà díẹ̀ tí mo bá rà ni mo fi ń wo eré bí mo bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Ayàwòrán: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Atọ́ka kankan ṣì wà lọ́wọ́ yín? Ìtàn aláwòrán ni mò ń yà ní Yorùbá. Ẹni tí mo gbé e lọ bá ní èdè wa kì í tà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán.

Àgbà Òṣèré: Mẹ́ta ṣì wà nínú àpótí mi, ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi á ya fọ́tò wọn, máa retí rẹ̀ níbí lọ́la.

Édítọ̀ Abẹ́òkúta: Fíìmù kan wà níwájú mi báyìí, ìṣẹ́jú 140. N ó gé òmíràn nínú rẹ̀ sí ìṣẹ́jú 90, n ó sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí olóòtú. Ẹ̀gbọ́n Agége, bó bá jẹ́ èyí tó kúrú ni wọ́n gbé jáde, ṣé ẹ ó wò ó dópin?

Olùwòran Agége: N ó wò ó dópin. N ò ní fo ìpolówó rẹ̀ náà.