Ẹ̀rí Wo Lẹ Rí Tí Ẹ Fi Ní Kí N Pààrọ̀ Gíláàsì?

Pọ́n-ùn 90 ni mo san fún àyẹ̀wò gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi, àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni kò ṣe, inú ṣì ń bí mi di òní olónìí. Ìlú Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo sì ń ṣe. Ní agogo méje òwúrọ̀ ni màmá tí mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá ti ń retí mi, nítorí kò lè dá dìde lórí ibùsùn, oògùn rẹ̀ sì ní àkókò tirẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, agogo mẹ́jọ yóò ti kọjá dáadáa kí oòrùn tó yọ níbí, ọkọ̀ tí ó bá sì sun ìta mọ́jú, ìrì ti dì mọ́ gbogbo gíláàsì rẹ̀ gbagidi. Ìdí nìyí tí mo fi fowó kún owó nígbà tí mo ń ra ọkọ̀, kí n lè rí èyí tí gíláàsì iwájú rẹ̀ ń fi iná bátìrì gbóná: a óò tẹ bọ́tìnnì kan, ìṣẹ́jú mélòó kan kò ní kọjá tí yìnyín yóò ti yọ́, wáípà yóò sì gbá a dànù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá tí ó kọjá, mo tẹ bọ́tìnnì náà, apá òsì yọ́, apá ọ̀tún kò yọ́ rárá. Apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí ní ilẹ̀ yìí. Mo mú ike tí a fi ń ha yìnyín, mo ń ha gíláàsì nínú òkùnkùn títí ìka mi fi kú, mo sì fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ dé ọ̀dọ̀ màmá yẹn. N kò sì lè ṣe é lọ́nà mìíràn. Ìlànà 229 nínú Highway Code, ìwé òfin ìrìnnà wọn, sọ ọ́ kedere pé a gbọ́dọ̀ nu yìnyín kúrò lára gbogbo gíláàsì kí a tó wa ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ha ojú ihò kékeré kan, tí ó ń yọjú láti inú rẹ̀ wakọ̀, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó ń fi wewu. Omi gbígbóná kò ṣeé dà sí i, nítorí gíláàsì tútù lè là. Òfin náà kò sì gbà wá láyè láti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lójú títì kí a wá padà sínú ilé.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gba pọ́n-ùn 90 fún àyẹ̀wò, wọ́n fi ọkọ̀ sọ́dọ̀ fún odindi ọjọ́ kan, nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n pè mí pé gíláàsì ti bàjẹ́, pé tuntun yóò jẹ́ pọ́n-ùn 740 pẹ̀lú owó tí wọn yóò fi tún kámẹ́rà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tò. Owó yẹn sún mọ́ ìdajì ohun tí ń wọlé fún mi lóṣù. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà pé kí ni ó rí. Ó ní fíúùsì dára, iná sì ń dé ìdí gíláàsì, nítorí náà gíláàsì ni. Mo bi í bóyá ó wọn wáyà inú gíláàsì náà fúnra rẹ̀. Ó ní kò sí ìdí fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó ń dùn mí wọ inú egungun. Irú gíláàsì báyìí kì í ṣe àràmàǹdà tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe àwáwí. Láti ọdún 1985 ni Ford ti ń fi í sínú àwọn ọkọ̀ kan tí ó ń tà ní Yúróòpù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tèmi kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó bá sì ronú díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ṣe é yóò rí i pé àlàyé ọ̀gbẹ́ni yẹn kò dúró. Ìpele gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, wọ́n sì tẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ sí àárín wọn. Ìdajì òsì dá dúró, ìdajì ọ̀tún dá dúró, olúkúlùkù ní fíúùsì áǹpíà 40 tirẹ̀ nínú ọkọ̀ tèmi, àti rìléè tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń tan iná sí i. Àwọn wáyà inú ìdajì kan kì í tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan. Ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n wà, iná ń gba inú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òkúta bá ta sí gíláàsì tí ó já ọ̀kan nínú wọn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni yìnyín yóò kù sí, ibi tí ó kù yóò yọ́. Kí gbogbo wọn tó lè kú lẹ́ẹ̀kan náà ní òru ọjọ́ kan, tí kò sí òkúta, tí kò sí àpá kankan lórí gíláàsì, ìṣòro ní láti wà níbi tí iná ti ń wọlé tàbí ibi tí ó ti ń jáde. Yìnyín tí ó wà lójú gíláàsì ti sọ gbogbo èyí fún wọn ní ọ̀fẹ́ kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà ní Agodi Gate láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò rí gíláàsì tí ń gbóná rí láyé rẹ̀, nítorí ọyẹ́ ìlú Ìbàdàn kì í di yìnyín.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní iná ń dé ibẹ̀.”

“Ibo ni ẹni tí ó wọ̀n ọ́n fi ẹnu dúdú mítà, ẹ̀rọ ìwọ̀n iná, sí? Bí ó bá fi sórí bátìrì, kò tíì wọn nǹkan kan. Iná tí ó lọ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà bọ̀. Lọ wo ẹ́ẹ̀tì, wáyà tí iná ń gbà padà sára irin ọkọ̀, kí o tó náwó.”

Ní ọjọ́ Sátidé, mo yọ wáípà méjèèjì, mo sì ṣí ike dúdú gbọọrọ tí ó bo ẹsẹ̀ gíláàsì. Ewé tí ó ti jẹrà kún ibẹ̀ bámúbámú, ó ti dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde ní apá ọ̀tún, omi sì dúró lórí bóòtì onírin tí wọ́n fi de ẹ́ẹ̀tì gíláàsì mọ́ ara irin ọkọ̀. Mo tan ẹ́ńjìnnì, nítorí gíláàsì náà kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá kú, mo tẹ bọ́tìnnì, mo fi ẹnu mítà kan sórí wáyà ẹ́ẹ̀tì yẹn, èkejì sórí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí ẹ́ẹ̀tì bá dára, mítà kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá díẹ̀ nínú fóòtì kan (ìwọ̀n agbára iná) hàn. 12.9 ni mo rí. Ìyẹn ni pé iná wọ inú gíláàsì, ó gba inú rẹ̀ kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, kò sì rí ibi gbà. Ọ̀gbẹ́ni yẹn fi ẹnu pupa mítà rẹ̀ sí ibi tí iná ti ń wọlé, ó fi ẹnu dúdú sí ibòmíràn tí ó mọ́, ó fo ibi tí àrùn wà gan-an kọjá, ó sì pe ìyẹn ní àyẹ̀wò.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ orí bátìrì, mo fi sípánà 10 tú bóòtì náà. Ó ti dógùn-ún, orí wáyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ṣú bí ewé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti jó díẹ̀. Mo wọn wáyà inú gíláàsì níbẹ̀ yẹn: mítà mi kì í ṣe ti olówó ńlá, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí kò tó óòmù kan (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná) hàn, bí ó ti yẹ kí ìdajì gíláàsì tí ara rẹ̀ dá ṣe rí. Mo gé orí wáyà tí ó jẹrà, mo fi tuntun sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ara ọkọ̀ títí irin fi ń dán, mo dè é pinpin, mo fi gírísì bò ó, mo sì kó gbogbo ewé kúrò nínú kòtò omi náà. Pọ́n-ùn 6 ni mo ná, kò sì ju wákàtí méjì lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, yìnyín apá ọ̀tún yọ́ pẹ̀lú ti òsì.

Mo bínú sí ẹni tí ó ya àwòrán ọkọ̀ yìí pẹ̀lú, tí ó fi bóòtì tí iná ńlá ń gbà sínú ibi tí omi òjò ń ṣàn sí, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì ní gbogbo ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Mo padà lọ bá wọn pẹ̀lú orí wáyà tí ó jẹrà náà nínú ọ̀rá. Wọ́n ní owó àyẹ̀wò kì í padà, pé àkókò wọn ni mo san owó fún. Rárá o. Àkókò kọ́ ni mo rà. Ìdáhùn ni mo rà, èyí tí wọ́n sì fún mi kì í ṣe òótọ́. Òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tí ó bá gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ra àti ìmọ̀ tí ó yẹ ṣe é. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kí ó tún un ṣe tàbí kí ó dá lára owó padà. Nítorí náà mo kọ lẹ́tà sí wọn. Mo kọ iye tí mítà fi hàn sínú rẹ̀, mo so àwòrán bóòtì náà, ewé inú kòtò omi, àti rìsíìtì pọ́n-ùn 6 mọ́ ọn, mo sì fún wọn ní ọjọ́ 14. Bí ọjọ́ náà bá pé tí pọ́n-ùn 90 mi kò tíì wọlé, ilé ẹjọ́ Sheriff, tí ó ń gbọ́ irú ẹjọ́ owó báyìí ní Scotland, ni màá gbé ẹ̀dà lẹ́tà yìí lọ.