Ẹ̀bi Kọ̀ǹpáílà Kọ́ Ni Bí Lisp Yín Bá Ń Ṣubú

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi èdè C kọ ìńtápírẹ́tà (ètò tó ń ka kóòdù tó sì ń mú un ṣẹ) fún èdè Lisp lára pé, bí ètò bá ń ṣiṣẹ́ geere lábẹ́ -O0 (níbi tí a kò ti ní kí kóòdù yára sí i) tó sì ń ṣubú lójijì lábẹ́ -O2 (níbi tí a ti ní kó yára sí i), a ó di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń sọ C di èdè ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, nítorí pé ohun kan ṣoṣo tí a yí padà nìyẹn. Síbẹ̀, nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú irú ìṣubú bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ti wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa tẹ́lẹ̀. -O0 ló ń bò ó.

Láti ọdún 1960 tí John McCarthy ti gbé ìwé rẹ̀ lórí Lisp jáde ni kólẹ̀kódọ̀tí ti ń bá èdè náà rìn: ó ń wá gbogbo ohun tí ètò ṣì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń gba ààyè ìyókù padà. Ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwákiri yìí ni wàhálà wà. Ẹ wo èyí, níbi tí `eval` ti ń ṣírò gbólóhùn Lisp, tí `cons` sì ń so ohun méjì pọ̀ di ẹ̀yà kan:

`Obj *a = eval(x);`
`Obj *b = eval(y);`
`return cons(a, b);`

Bí kólẹ̀kódọ̀tí bá jáde nígbà tí `eval` kejì ń lọ lọ́wọ́, ta ni yóò sọ fún un pé a ṣì nílò `a`? Lábẹ́ -O0, `a` ní àyè tirẹ̀ lórí stack (ibi tí fọ́ńṣọ̀n ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí), ẹni tó bá sì ń yẹ stack wò yóò bá a níbẹ̀. Lábẹ́ -O2, inú rẹ́jísítà (àyè kékeré inú CPU fúnra rẹ̀) bíi rbx tàbí rbp ni ó lè wà, láìtẹ òfin C kankan lójú, nítorí pé òfin C kò mọ̀ rárá pé ẹnì kan ń yọjú wo stack.

Àwọn kan máa ń pe `setjmp` kí àwọn rẹ́jísítà lè balẹ̀ sórí stack, wọ́n á sì rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n lórí CPU irú x86-64, glibc (àkójọ fọ́ńṣọ̀n C tí Linux sábà máa ń lò) máa ń da nọ́ńbà inú rbp rú nítorí ààbò kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà ohun tí kólẹ̀kódọ̀tí yóò rí kò ní jọ àdírẹ́sì kankan. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ `__builtin_unwind_init`, àṣẹ inú kọ̀ǹpáílà tó ń kó àwọn rẹ́jísítà sórí stack láìdà wọ́n rú, tí Emacs (ètò ìkọ̀wé tó ní Lisp nínú) ń lò níbi tí kọ̀ǹpáílà bá ti ní i.

Kíkọ `volatile` (ọ̀rọ̀ C tó ń ní kí kọ̀ǹpáílà máa padà sínú mẹ́mọ́rì ní gbogbo ìgbà) káàkiri kì í ṣe oògùn. Ó kàn tún ń bo egbò náà ni.

Ẹ jẹ́ kí kólẹ̀kódọ̀tí jáde ní gbogbo ìgbà tí ètò bá béèrè ààyè tuntun, kí ẹ sì fi 0xdb kún gbogbo ààyè tí ó bá gbà padà. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìńtápírẹ́tà tèmi, ìṣubú tí mo ti ń dúró dè fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣẹlẹ̀ ní ìlà kejì fáìlì tí mo ní kó kà. Mo wo `car` (apá àkọ́kọ́) ẹ̀yà tó ṣubú lé lórí nínú gdb, ètò tí a fi ń wá àṣìṣe, mo bá 0xdbdbdbdbdbdbdbdb níbẹ̀, orúkọ fọ́ńṣọ̀n tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sì wà lókè rẹ̀.