Ife Ẹtiópíà ti 1962 kì í ṣe ọ̀fẹ́

Tí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù Áfíríkà bá gbóná, tí ẹnìkan wá ka Ẹtiópíà mọ́ àwọn tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà (AFCON) rí, ẹ̀rín làwọn èèyàn máa ń bú sí. "Ife orílẹ̀-èdè mẹ́rin! Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré! Ìyẹn náà nífe?" Èmi ò bá wọn rín in o.

Òótọ́ ni, mẹ́rin péré ló pé sí Addis Ababa ní oṣù kìíní ọdún 1962: Ẹtiópíà tó gbàlejò, Íjíbítì tí ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Tùnísíà àti Ùgáńdà. Òótọ́ tún ni pé ilé ara wọn ni Ẹtiópíà ti gbá a, lórí òkè tó ga ju 2,300 mítà lọ, níbi tí àlejò kì í ti í rímú mí délẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bá pàdé? Íjíbítì tó nà wọ́n ní mẹ́rin sí òdo ní àṣekágbá 1957 ní Khartoum, tí Ad-Diba nìkan gbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Ní 1959, ní Cairo, mẹ́rin sí òdo náà ni.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Íjíbítì gan-an, Tùnísíà ti kọ́kọ́ fi góòlù méjì síwájú wọn. Ẹtiópíà dá a padà, wọ́n sì fi mẹ́rin sí méjì borí.

Àṣekágbá wá ni eré. Badawi gbá ti Íjíbítì wọlé. Ó di ìṣẹ́jú 74 kí Girma Tekle tó dá a padà. Ẹ ò ní gbàgbọ́: wọn ò tíì yọ̀ tán tí Badawi tún fi gbá èkejì wọlé. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń kú sí. Àmọ́ balógun wọn, Luciano Vassallo, sọ ọ́ di 2-2 ní ìṣẹ́jú 84. Nínú àfikún àkókò, àbúrò rẹ̀, Italo, gbá ẹ̀kẹta, Mengistu Worku sì fi ẹ̀kẹrin kádìí ẹ̀. 4-2.

Luciano yìí, Asmara ni wọ́n bí i sí, ará Ítálì ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹritíríà. Ọwọ́ Haile Selassie, ọba Ẹtiópíà, ló ti gba ife. Ọba tí ọmọ ogun Ítálì lé kúrò nílùú ní 1936 ló ń gbé ife fún balógun tó ń jẹ́ orúkọ Ítálì! Èmi ò mọ ife mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà tó nírú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú.

Ó wá ku tiwa. Ṣé ẹ mọ̀ pé Nàìjíríà ì bá wà níbẹ̀? A na Tùnísíà 2-1 l'Ékòó nínú ìdíje àtipegedé. Ní Tunis, ó wà ní 2-2, tó túmọ̀ sí pé àwa là ń lọ, nígbà táwọn ọmọ wa bínú sí rẹfirí, tí wọ́n jáde kúrò lórí pápá. Wọ́n gbé 2-0 fún Tùnísíà, Tùnísíà gba Addis lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ife náà ṣòfò, àwa ni. Nígbà tá a sì kọ́kọ́ dé ìdíje náà ní Gánà ní 1963, Íjíbítì tí Ẹtiópíà ṣẹ́gun yẹn ló jẹ wá ní mẹ́fà sí mẹ́ta, kí Sùdáànù tó tún fi mẹ́rin sí òdo lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ fi Ẹtiópíà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé Victor Moses tiwa gbá pẹnáritì méjì wọlé wọn ní 2013, kó máa ṣe é. Ti 2013 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n nílé tó rántí ohun tí rẹfirí ṣe ní Tunis lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n.