Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún wa ní ìràwọ̀ kan, tó ní a jí RAM òun

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n. A ti rí ìràwọ̀ kan tẹ́ ẹ fún wa. Ẹ ní RAM (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 16GB lẹ sanwó fún, 5.9GB lẹ bá lójú kọ̀ǹpútà, géèmù bọ́ọ̀lù ọmọ yín ń wọ́ bí ìgbín, a ò fi graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán sójú mónítọ̀) sí i, olè ni wá. Ọ̀rọ̀ olè yẹn ló dùn mí jù, torí ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà ní Computer Village níbí, n ò fọwọ́ kan nǹkan kọ́sítọ́mà rí. Ẹ jẹ́ n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe lọ, torí àwọn tó fẹ́ rajà náà ń kà á.

Túsìdeè, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, lẹ wọlé. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà, ọdún kẹta ẹ̀ rèé lọ́dọ̀ wa, ó bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì kọ ìdáhùn yín sẹ́yìn rìsíìtì: CorelDraw fún káàdì ìgbéyàwó, Excel, YouTube, géèmù bọ́ọ̀lù fún ọmọ ní wíkẹ́ǹdì, ìnfátà 1.5kVA. Ẹ̀yin lẹ tún tẹnu mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ jẹ iná. Pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5-12400F lẹ kọ́kọ́ gbé dání torí owó ẹ̀ fi díẹ̀ wálẹ̀ ju 12400 tí ò ní F lọ. Ọmọ yìí ló sọ fún yín pé F yẹn túmọ̀ sí pé kò sí gíráfíìsì nínú ẹ̀, pé tẹ́ ẹ bá gbé e délé láìra graphics card mọ́ ọn, fáànù á máa yí, iná á tàn, mónítọ̀ á dúdú kirikiri. Ká ní olè ni wá, ṣebí à bá kàn tà á fún yín, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ ara yín padà wá ra káàdì lọ́jọ́ kejì. Ryzen 5 5600 tí ò ní G náà ò yàtọ̀, kò lè gbé àwòrán jáde fúnra ẹ̀. Ìdí tá a fi fún yín ní 5600G nìyẹn: gíráfíìsì Vega wà nínú ẹ̀, àtòun àti gíráfíìsì ẹ̀ iná 65W ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ fún un. GTX 1650 tí kì í ṣe káàdì ńlá rárá, òun nìkan 75W. Ẹni tó ń lo ìnfátà mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ RAM ló kù. Gíráfíìsì tó bá wà nínú pírósẹ́sọ̀ ò ní mẹ́mọ́rì tara ẹ̀, inú RAM ló ti ń bù lò. Tiyín, 2GB la yà sọ́tọ̀ fún un nínú BIOS (ibi tá a ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde), Windows á wá kọ ọ́ pé 16 lẹ ní, 13.9 lẹ lè lò. Ẹnì kankan ò jí 2GB yẹn, òun ló ń gbé àwòrán wá sójú mónítọ̀. Ibi tá a ti jẹ̀bi ni pé a ò ṣàlàyé èyí fún yín kẹ́ ẹ tó lọ, a sì ti ń kọ ọ́ sórí rìsíìtì báyìí. Ṣùgbọ́n 13.9 kọ́ lẹ rí, 5.9 lẹ rí. Fọ́tò Task Manager (ibi tí Windows ti ń fi ohun tí kọ̀ǹpútà ń lò hàn) tẹ́ ẹ fi síbí, ẹ fi àmì pupa yí 5.9 ká, ẹ ò wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún níbi tó ti kọ ọ́ gbàgàdà pé Slots used: 1 of 2, ìyẹn ni pé nínú ihò RAM méjì, ẹyọ kan ló ní RAM nínú. RAM ẹyọ méjì la fi sí i, 8GB, 8GB. Tọ́sìdeè ọjọ́ 5, ọ̀la ni Iléyá, tí gbogbo ayé ń wá àgbò, ọmọ iṣẹ́ wa jókòó to ẹ̀rọ yín títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ya fídíò kó tó de kéèsì, RAM méjèèjì ni sítíkà funfun wa wà lára wọn, fídíò yẹn ṣì wà lórí WhatsApp yín.

Mọ́ńdè ọjọ́ 9, ọjọ́ họ́lídè, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé àbúrò yín tó wá kí yín ní Iléyá ti bá yín tú u wò, ó ní kò sí graphics card níbẹ̀. Mo dá yín lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an pé ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u mọ́. Ẹ ò fi ìyẹn sínú ohun tẹ́ ẹ kọ síbí.

RAM ẹyọ kan tó kù sínú ẹ̀ yẹn náà ló sì ń fa géèmù yẹn sẹ́yìn. RAM irú tiyín, DDR4-3200, ẹyọ kan, 25.6GB ló lè gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì tó bá jọ ń ṣiṣẹ́ á gbé 51.2, ọ̀nà yìí kan náà sì ni gíráfíìsì ń gbà. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan, ṣe lẹ ń fọwọ́ kan fọ agbádá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra 16GB ẹyọ kan, ẹ ra 8GB méjì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tó bá wù yín yàtọ̀ sí Sọ́ńdè, a máa tú u lójú yín, a ò ní gba kọ́bọ̀ iṣẹ́. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́ tí ò rí RAM kejì, màá fún yín ní tuntun. Tí RAM bá sọnù, iye tí mo rà á ni màá tà á fún yín, n ò ní jèrè. Owó graphics card tẹ́ ẹ ní ká dá padà, ẹ ò san án, ẹ wo rìsíìtì.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò wá sí Ikeja, ẹ pe àbúrò yín, ẹ bi í bóyá RAM tó ní sítíkà funfun wa lára wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, kó dá a padà sójú ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá yọ ọ̀rọ̀ olè yẹn kúrò níbí.